Áńpù Tó Ga Jù Mí Lọ

Láti ìgbà tí wọ́n ti dá ìka mọ́ ọwọ́ ọmọ èèyàn, kò tíì sí ìka tó ń sáré lórí okùn gìtá bíi tèmi. Tí mo bá ta orin mẹ́táàlì, orin tó ń bú bíi kìnnìún tí eyín ń ro, alángbá á já bọ́ láti orí ògiri, á mirí. Kì í ṣe ara ẹ̀ ló ń yìn o. Èmi ni.

Ohun kan ṣoṣo tó kù fún mi kí ayé tó parí ni áńpù, àpótí tó ń gbé ohùn gìtá jáde. Rédíò àtijọ́ kan ni mo ń ki wáyà bọ̀ nílé, ohùn tó ń tibẹ̀ jáde dà bíi ti ẹ̀fọn tí òtútù mú.

Àrá ló wá sọ ọ́ di dandan. Àrá ni à ń pe onílù ẹgbẹ́ tó le jù ládùúgbò wa. Onígìtá wọn kó lọ, àyè ṣí sílẹ̀. Ó ní, "Màá bá ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó o ti fẹ́ ra áńpù. Ìlù wà níbẹ̀. Tí mo bá ń lù ú, tí mo sì gbọ́ ẹ, o ti di tiwa. Tí mi ò bá gbọ́ ẹ, Ẹlẹ́sẹ̀-gígùn ni màá mú."

Ẹlẹ́sẹ̀-gígùn! Ẹni tó ń ta gìtá bí ẹni tó ń họ ìdí ìkòkò!

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, onídìrí, ló fẹ́ sanwó. Ó kìlọ̀ fún mi lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù: "Owó ọwọ́ mi ò lóyún o, kò ní bímọ. Ọ̀kan ni màá rà, èyí tí agbára mi ká. Tó o bá délé tó o ní kò dáa, kó o máa fi ṣe àga."

Bàbá tó ni ṣọ́ọ̀bù ti ki òwú bọ etí méjèèjì. Gbogbo ohun tá a bá bi í, ó kàn ń rẹ́rìn-ín ni. Àwọn ọmọkùnrin irú mi ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti rí i. Ó ga jù mí lọ, ó dúdú bí ìdí ìkòkò, aṣọ iwájú ẹ̀ ya, ìdí nìyẹn tí owó ẹ̀ fi wálẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi ń gbé ariwo sókè, bọ́tìnnì méjì péré ló ní: ti ohùn ìsàlẹ̀ àti ti ohùn òkè. Ó tó! Kí lèmi fẹ́ fi ohùn àárín ṣe? Nílé, ńṣe ni mo máa ń pa ti àárín kú pátápátá lára rédíò, kí orin lè ki.

Kékeré kan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, bọ́tìnnì ohùn mẹ́ta lára ẹ̀, ti àárín náà wà níbẹ̀, àwọ̀ ẹ̀ bí ọsàn tó ti gbẹ.

Ẹ̀gbọ́n ní, "Kékeré yẹn ńkọ́? Owó tiẹ̀ náà ò pọ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun, ṣé kí wọ́n máa rò pé oúnjẹ ọ̀sán ni mo gbé dání ni?"

Mo ki wáyà bọ òmìrán, mo yí bọ́tìnnì méjèèjì dé òpin, mo fọwọ́ kan okùn. Ha! Ilẹ̀ fò sókè, ó padà sáyè ẹ̀. Bàbá fọwọ́ méjèèjì di pẹpẹ mú. Àrá fúnra ẹ̀ lanu sílẹ̀.

Mo ní, "Ẹ sanwó fún wọn."

"Dúró ná," Àrá ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó jókòó sídìí ìlù, ó da igi bò ó.

Mò ń ta gìtá, mò ń mirí, mò ń fẹsẹ̀ janlẹ̀. Àmọ́ ohùn ìsàlẹ̀ mi wọ inú ìlù ńlá lọ bí omi tó wọ yanrìn. Ohùn òkè bá àwo idẹ tó ń dún ṣáńṣáń lọ. Kò ku nǹkan kan.

Ẹ̀gbọ́n kígbe pé, "Ṣé o ò tíì bẹ̀rẹ̀ ni?"

"Mo ti ta á dé ìdajì!"

"Ara ni mo rò pé ó ń yún ẹ!"

Àrá ò dúró, àmọ́ ó ti ń mirí sí mi, kì í ṣe mímì alángbá. Mo rí Ẹlẹ́sẹ̀-gígùn lójú ẹ̀. Àyà mi já, ó yí gbirigbiri lọ sábẹ́ àga.

Ẹ̀gbọ́n ò tíì ṣe tán. "Ṣé ohun tí mo fẹ́ fowó òógùn mi rà nìyí? Ẹnu ẹ nìkan là ń gbọ́ nílé, a ò gbọ́ gìtá!"

Bàbá olówùú gbójú sókè látẹ̀yìn tábìlì. "Mo gbọ́, ìyá. Ẹ má bínú."

Ẹ gbọ́ mi o! Ìlù ń dún bí ẹni pé òkè ń wó, òwú wà létí bàbá, síbẹ̀ kò sí ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbọ́n tó bọ́ sílẹ̀. Ohùn ẹ̀ ò ki bíi ti akọ màlúù, kò sì tín-ín-rín bíi ti ẹyẹ. Àárín ni gbogbo ẹ̀! Ọjọ́ pẹ́ tó ti ń fi ohùn yẹn borí ariwo ẹ̀rọ tó ń gbẹ irun.

Mo fa wáyà yọ, mo kì í bọ kékeré. Mo yí ìsàlẹ̀ wálẹ̀, mo fi òkè sí ìwọ̀nba, mo wá yí àárín títí ó fi kọ̀ láti yí mọ́. Mo ta á.

Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ohùn gìtá mi la ìlù já, ó kọjá láàárín àwo idẹ, ó lọ kan ilẹ̀kùn. Àrá bú sẹ́rìn-ín, igi kan fò lọ́wọ́ ẹ̀, ó gbá fìlà bàbá dànù. Bàbá ò wo fìlà. Ó yọ òwú etí kan, ó dẹ etí sílẹ̀, ó tún yọ èkejì.

Àrá kígbe pé, "Ó ti di tiwa!"

Bí Ẹ̀gbọ́n ṣe ń sanwó, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ta ló kọ́kọ́ sọ pé, 'Kékeré yẹn ńkọ́?'"

"Mo ti mọ̀ látilé. Mò ń dán yín wò ni."

"Gbé e, o jàre. Oúnjẹ ọ̀sán ẹ ti ń tutù."

Ní báyìí, tí ìlù bá fẹ́ gbé mi mì níbi ìdánrawò, Àrá á pariwo, "Fi Ẹ̀gbọ́n kún un!" Màá yí bọ́tìnnì àárín díẹ̀ sí i. A ò tíì sọ fún Ẹ̀gbọ́n fúnra ẹ̀. Lọ́jọ́ kan, àárín orin ni a wà, ìlù ń dún kíkankíkan, Àrá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ pariwo bẹ́ẹ̀ tán ni, lẹ́nu ọ̀nà la ti gbọ́ ohùn Ẹ̀gbọ́n ketekete. Òun nìyẹn, ìyarí lọ́wọ́, ìbínú lójú:

"Ta ló ń pè mí?"