Ọjọ́ Tí Wọ́n Wo Ìdúró Orogún

Níbi tí mo ń gbé báyìí, inú tẹlifíṣàn nìkan ni mo ti ń rí ẹṣin. Àwọn ọmọ-ọmọ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé màmá àgbà kì í wo ẹni tó gun ẹṣin, ẹsẹ̀ ẹṣin ló máa ń wò. Kí ni kí n ti ṣe é? Ilé ọkọ ni mo ti kọ́ ọ.

Olùtọ́jú ẹṣin ni ọkọ mi, ní ọgbà kan tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn ní ẹṣin gígùn. Òkè ilé ẹṣin gan-an ni yàrá wa wà. Tí a bá dùbúlẹ̀, à ń gbọ́ èémí wọn láti abẹ́ pákó. Èmi ni mo ń rán gàárì tó bá já, tí mo sì ń fọ aṣọ tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ rẹ̀.

Nígbà kan, abo ẹṣin kan bímọ níbẹ̀, ó sì kú sórí ìbí náà. Ọkọ mi ló fi ìgò fún ọmọ ní mílíìkì títí ó fi mọ koríko jẹ. Bó bá ti gbọ́ igbe rẹ̀, á fi oúnjẹ sílẹ̀, á ti sọ̀ kalẹ̀. Mo ní, "Baálé mi, o ò kúkú sọ fún mi pé o ti fẹ́ ìyàwó kejì." Bí gbogbo ọgbà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọmọ ẹṣin náà ní Orogún nìyẹn. Èmi sì di ìyálé lójijì.

Orogún dàgbà, àyè sì há. Ọ̀gá tó ni ọgbà kì í ṣe èèyàn burúkú, àmọ́ kò fẹ́ máa bọ́ ẹṣin tí ẹnikẹ́ni kò ní gùn. Ó ní òun á pe àgbà obìnrin kan tó mọ ẹṣin wò. Bí màmá náà bá ní Orogún á wúlò fún gígùn, kó dúró. Bí kò bá wúlò, àwọn tó ń fi ẹṣin fa kẹ̀kẹ́ òkúta ti ń bèèrè rẹ̀. A mọ àwọn yẹn. Ẹṣin wọn kì í pẹ́ láyé.

Ọkọ mi ò jẹun dáadáa mọ́. Ohun tó ń wù ú lọ́kàn ni kí Orogún di ẹṣin tó ń fo igi tí wọ́n dábùú níbi ìdíje, kí gbogbo ayé máa pàtẹ́wọ́ fún un.

"Kí ló ń bà ọ́ lẹ́rù gan-an?" ni mo bi í.

"Ìdí rẹ̀. O ò rí i pé ìdí rẹ̀ ga ju èjìká lọ? Irú ẹṣin bẹ́ẹ̀, iwájú ló máa ń wúwo sí. Tó bá fẹ́ fò, á dà bí ẹni tó fẹ́ forí sọlẹ̀."

"Ṣé o ò lè fi í sílẹ̀ bí Ọlọ́run ṣe dá a ni?"

"Ìyàwó, gàárì ni kó o máa rán."

Orí sìmẹ́ǹtì tó tẹ́jú, lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹṣin, ni wọ́n máa ń dá ẹṣin dúró sí fún irú àyẹ̀wò yìí. Àmọ́ àwọn tó ń tún páìpù omi ṣe ti fọ́ ọ yángá. Ọkọ mi ní òun á tún ibòmíì ṣe lábẹ́ igi. Ó kó erùpẹ̀ síbẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó wá fọ́n koríko gbígbẹ lé e lórí. Èmi tí mo ti orí àtẹ̀gùn ń wò ó rí i pé ibi tí ẹsẹ̀ iwájú máa dúró sí ga ju ti ẹ̀yìn lọ.

"Baálé mi, kí leléyìí?"

"Bí obìnrin bá fẹ́ ga, ṣebí ó ń wọ bàtà gogoro."

"Obìnrin tó wọ bàtà gogoro, ta ló ń gbé gàárì lé e lẹ́yìn?"

Ó tún bu koríko lé e.

Màmá náà dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ìyá Olójú-Kan ni wọ́n ń pè é, ojú rẹ̀ méjèèjì sì pé pérépéré. Dídì ló máa ń di ọ̀kan tó bá ń wo ẹṣin. Ọkọ mi dá Orogún dúró sórí erùpẹ̀ náà, Ọ̀gá sì wà níbẹ̀. Màmá kọ́kọ́ dúró lókèèrè. Ó na ọwọ́ síwájú, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo orí Orogún kí ojú tirẹ̀ má bàa rí i.

"Ojú tó rẹwà máa ń purọ́," ló wí. "Mo fẹ́ rí ìyókù. Kí ni ẹ̀ ń pè é?"

"Orogún, mà," ni ọkọ mi dáhùn.

"Ìyálé ńkọ́?"

"Èmi rèé, mà."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó wo ẹ̀gbẹ́, ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ló tó fi ọwọ́ pa ẹsẹ̀ rẹ̀ láti orúnkún dé pátákò. Ọkọ mi di okùn mú bí ẹni tí omi fẹ́ gbé lọ.

"Ó mà ṣe o," ni màmá wí fún Ọ̀gá. "Ara rẹ̀ dọ́gba, àmọ́ ó kéré. Iwájú àti ẹ̀yìn ti bára dé, ó ti dàgbà tán nìyẹn. Kò ní ga ju báyìí lọ. Ọmọ kékeré ló lè gbé, kò sì ní pẹ́ tí wọn á fi tóbi jù fún un."

Ọ̀gá mí kanlẹ̀. "Àwọn olókúta ló ni ín nìyẹn."

Mo wo ọkọ mi. Ó wo ilẹ̀. Mo mọ ohun tó ń rò: bó bá sọ̀rọ̀, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí yàrá wa sì bá a lọ. Bó bá dákẹ́, Orogún lọ. Ó wò mí. Mo mi orí sí i pé kó sọ ọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ilẹ̀ yìí kò tẹ́jú," ni ó wí. "Èmi ni mo gbé iwájú rẹ̀ sókè. Ìdí rẹ̀ ló ga, mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ rí i."

Ojú Ọ̀gá pọ́n. "O fẹ́ sọ mí di ọmọdé nínú ọgbà mi?"

"Ẹ jẹ́ ká wo ẹṣin tán ká tó bá èèyàn jà," ni màmá wí. "Níbo ni ilẹ̀ ti tẹ́jú ládùúgbò yìí?"

Títì ni. A mú Orogún jáde, a dá a dúró sórí ọ̀dà níwájú ọgbà. Oníkẹ̀kẹ́ kan dúró. Káfíńtà òdìkejì yọrí síta: "Ṣé fọ́tò ìgbéyàwó lẹ fẹ́ yà ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, o ò sì sí lára àlejò!" ni mo fi dá a lóhùn.

Màmá di ojú kan. Ó rìn yí i ká. Ó ní kí ọkọ mi fà á lọ, kó fà á bọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wo bí pátákò ṣe ń balẹ̀. Ìgbà tó dìde, ọkọ mi ló kọjú sí.

"Yàtọ̀ sí èyí, o ti tọ́ ọmọ ẹṣin rí?"

"Rárá, mà. Àgbà ni wọ́n máa ń rà wá síbí."

"Mo rò bẹ́ẹ̀. Ọmọ ẹṣin, ìdí ló máa ń kọ́kọ́ ga, èjìká á sì máa lé e bọ̀. Ìdí gíga yìí ló fi hàn pé ó ṣì ń dàgbà. Ohun tí ì bá gbà á sílẹ̀ gan-an lo fi erùpẹ̀ bò mọ́lẹ̀." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Àmọ́ mi ò ní tàn ọ́. Wo oríkèé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, ó tẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Bí wọ́n bá ń fi í fo igi, ọjọ́ kan ni ẹsẹ̀ yẹn á kọ̀."

"Kò lè fò rárá, mà?"

"Kò gbọ́dọ̀ fò. Ṣùgbọ́n ó ń rìn gún régé, ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ̀, oníkẹ̀kẹ́ àti káfíńtà aláriwo yìí kò sì bà á lẹ́rù. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń jókòó lórí ẹṣin, irú rẹ̀ ni wọ́n ń wá. Kí ẹnikẹ́ni má gùn ún lọ́dún yìí o."

"Ẹṣin tó ń fò ni mo nílò," ni Ọ̀gá wí.

"Ta ló máa wá gun àwọn tó ń fò, bí ẹ kò bá ní èyí tí wọ́n á fi kọ́ ìjókòó?"

Ọ̀gá kọjú sí ọkọ mi. "Òótọ́ tó o sọ ló gbà ọ́. Dá a padà sí àyè rẹ̀. Má dán irú ẹ̀ wò mọ́."

Mo sin màmá dé ẹnu títì ńlá. Nígbà tí mo padà, ọkọ mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọ́n omi, ó gbé ọwọ́ lé ọrùn Orogún tó ń mumi. Omijé wà lójú ọkọ mi.

"Kò ní í fò," ló wí fún mi.

"Bẹ́ẹ̀ ni. Kò sì ní í lọ."

Mo dúró tì í, àwa méjèèjì sì ń wo omi tó ń gba ọ̀fun ẹṣin náà kọjá, títí ó fi gbé orí sókè.