Ilẹ̀ Òkúta tí Ọládùnjoyè Fojú Tẹ́ńbẹ́lú

Bí ẹ bá ń wá ẹni tó mọ bí a ṣe ń yínmú, ẹ lọ sí Pordenone ní Ítálì, ẹ béèrè Ọládùnjoyè. Fìrìjì ni wọ́n ń ṣe ní fabbrica tó ti ń ṣiṣẹ́, alàgbà ni nínú ìjọ Pásítọ̀ Boaz, ẹnu rẹ̀ kì í sì í kúrò lórí ilẹ̀ kan tó wà lẹ́yìn ìlú, tí àwọn òyìnbó ń pè ní magredi.

Kí ló wà níbẹ̀ gan-an? Òkúta ni. Òkúta wẹẹrẹ títí lọ, koríko fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́ tó rí bí irun orí àgbàlagbà, igbó ẹlẹ́gùn-ún tí kò ga ju orúnkún lọ. Odò tó yẹ kó gba ibẹ̀ kọjá pàápàá, abẹ́ ilẹ̀ ló gbà. Ọládùnjoyè ní ojú ló ń ti odò náà. "Bàbá mi ní Ìkirè kò ní fi irú ilẹ̀ yìí lọ ewúrẹ́," ló máa ń wí.

Ohun tó wá ń dùn ún dé egungun ni pé ibẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ obìnrin, Olúwaṣìkẹ́mi, ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọ tó lọ sí yunifásítì ní Padua! Lọ́jọ́ tó gba laurea, ìwé ẹ̀rí yunifásítì, tí wọ́n fi ewé ṣe adé sí i lórí, Ọládùnjoyè jó títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi wú. Ó rò pé ọ́fíìsì ńlá ní Milan ló kàn. Ọ́fíìsì kẹ̀? Bàtà òjò ni ọmọ wọ̀, ó fi awò tó ń wo ọ̀ọ́kán kọ́rùn, ó ń ṣọ́ ẹyẹ.

"Ẹyẹ! Ṣé wọ́n ń jẹ ẹ́ ni?"

"Papà, è rimasta una coppia sola," ni Ṣìkẹ́mi dáhùn, torí èdè Ítálì lọmọ yẹn fi ń dá òbí lóhùn láti kékeré. Ó ní akọ kan, abo kan péré ló kù níhà ibẹ̀. Bí wọn ò bá pamọ lọ́dún yìí, ó parí nìyẹn. Ó bẹ bàbá rẹ̀ pé tó bá ti di oṣù karùn-ún, kó bá òun sọ fáwọn èèyàn ìjọ rẹ̀ kí wọ́n má kọjá òpó tí òun so aṣọ pupa mọ́, torí orí òkúta lásán ni ẹyẹ náà ń yé sí.

"Orí òkúta lásán? Kò lè kọ́ ilé?" Ọládùnjoyè rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹyẹ ọ̀lẹ, ilẹ̀ òṣì. Wọ́n kúkú bára mu."

Ṣìkẹ́mi kò bá a rẹ́rìn-ín. Ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀, ó jáde.

Nígbà tó yá, ẹni tó ni capannone, ilé ìkẹ́rùsí tí ìjọ fi ń ṣe ṣọ́ọ̀ṣì, ní ariwo àdúrà wọn ti pọ̀ jù. Pásítọ̀ Boaz ní ó yẹ kí ìjọ ní orí òkè àdúrà, bíi ti ilé. Òkè gidi wà lọ́ọ̀ọ́kán o, ṣùgbọ́n yìnyín ṣì wà lórí ẹ̀, ta ló fẹ́ lọ kú sínú òtútù? Ni Ọládùnjoyè bá dìde. "Ẹ jẹ́ ká lọ sí ilẹ̀ òkúta yẹn. Kò wúlò fún nǹkan kan. Bí a pariwo títí, ta ló máa gbọ́?"

Ó rántí aṣọ pupa. Kí ẹnikẹ́ni má purọ́ fún yín, ó rántí dáadáa. Ọ̀rọ̀ ọmọdé ló kà á sí.

Wọ́n débẹ̀ ní òwúrọ̀ Sátidé kan nínú oṣù karùn-ún, tàgbà tèwe, pẹ̀lú sípíkà àti kúlà omi. Aṣọ pupa ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lára òpó. Ẹ̀yìn òpó ló tẹ́jú jù. Ọládùnjoyè yínmú, ó kọjá, ìjọ tẹ̀ lé alàgbà wọn. Ẹyẹ olójú ńlá kan sáré jáde níwájú wọn lórí ẹsẹ̀ gbọọrọ.

"Ẹ wò ó, ó ń sá bí olè!" ni Ọládùnjoyè wí. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

Pásítọ̀ ní kí ẹni tó ní ẹ̀bẹ̀ bọ́ síwájú. Ta ni ì bá tún jẹ́? Ọládùnjoyè gba máíkì. "Ohunkóhun tó so ọmọ mi mọ́ aginjù yìí, tí kò jẹ́ kí ògo rẹ̀ yọ, kí Olúwa fi í sábẹ́ ẹsẹ̀ mi!"

"Ẹ gbẹ́sẹ̀ sókè!" ni Pásítọ̀ kígbe. "Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀! Ẹ tẹ̀ ẹ́! Ẹ tẹ̀ ẹ́!"

Háà, ìjọ yẹn mọ bí a ti ń tẹ ọ̀tá mọ́lẹ̀! Eruku sọ. Ọládùnjoyè wọ bàtà fabbrica rẹ̀ tó ní irin lẹ́nu, ó ń fi gbogbo agbára tẹ ilẹ̀. Nígbà náà ni nǹkan fọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀. Òkúta kì í rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó gbé bàtà. Èèpo ẹyin tó ní àwọ̀ òkúta gẹ́lẹ́ ti rún wómúwómú. Ọmọ ẹyẹ tó kù díẹ̀ kó yọ wà nínú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ṣì ń là, ó ń pa dé. Ẹyin kejì ti fọ́ lẹ̀ mọ́ gìgísẹ̀ bàtà òsì rẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ wọ́ òkúta bò ó. Ìgbà tó gbójú sókè, Ṣìkẹ́mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, ó ń mí hẹlẹ. Òdì kejì ilẹ̀ náà ló ti gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀ nínú sípíkà, tó sì sáré wá.

Ó wo bàbá rẹ̀ látòkè dé ara bàtà tí ẹyin lẹ̀ mọ́, ó sì yínmú. Ọládùnjoyè mọ ìwò yẹn. Bí òun náà ti ń wo ilẹ̀ òkúta nìyẹn.

Ọmọ náà kò sọ Ítálì lọ́jọ́ yẹn. Ó kúnlẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ tó sì gbẹ̀kọ́, Yorùbá rẹ̀ já gaara.

"Ẹ kú iṣẹ́, Dádì. Àdúrà yín ti gbà. Kò sóhun tó so mí mọ́ ibí mọ́."

Àwọn ará ìjọ tó wà lẹ́yìn kò gbọ́ ju "àdúrà yín ti gbà" lọ. Wọ́n hó "Àmín!", wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ilẹ̀. Ọládùnjoyè nìkan ni kò rí àmín ṣe.