Ṣòkòtò Tí Kì Í Tóbi Jù

Àbúrò télọ̀ kan kò ní ṣòkòtò kankan tó tóbi jù ú lọ, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀ràn wà. Odidi ọdún méjì ló fi ń mu oògùn ikọ́ láìhú ikọ́, tó ń da hóró oògùn ara ríro sẹ́nu bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Bó bá ti rù sí i, á yọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tòun ti ṣòkòtò lábíyá.

“Àǹtí, ẹ bá mi dín in kù níbàdí. Ẹ má jẹ́ kí Màmá gbọ́ o. Mo ti ń jáwọ́ ńbẹ̀.”

Télọ̀ á wọn ìbàdí rẹ̀, á kọ nọ́ńbà sínú ìwé, á dín in kù. Kì í gé aṣọ tó bá ṣẹ́ kù. Ńṣe ló ń ká a sínú, torí ó dá a lójú pé ara ọmọ náà á bọ̀ sípò. Ìfẹ́ ló ń pè é nígbà náà.

Ọjọ́ tí àbúrò dákú níbi iṣẹ́, dókítà tẹ ikùn rẹ̀, ó wo ẹyinjú rẹ̀ tó ti pọ́n rúsúrúsú.

“Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́, kíndìnrín náà ò ṣiṣẹ́ dáadáa. Ìgbà wo ló ti ń rù?”

“Kò rù, dókítà,” ni Màmá fèsì. “Ṣòkòtò tó ti ń wọ̀ láti ọdún mẹ́ta nìyẹn. Ṣé ẹ rí i, ó ṣì bá a mu.”

Àbúrò fi ojú bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Télọ̀ mọ̀ pé bí òun bá dákẹ́, àìsàn mìíràn ni wọn yóò máa wá kiri lára ọmọ yìí. Ó fa ìwé rẹ̀ yọ nínú báàgì.

“Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n,” ló kà. “Mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Méjìdínlọ́gbọ̀n. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Oògùn ikọ́ ló ń mu, dókítà. Ó ti pé ọdún méjì.”

Màmá ṣí etí ìbàdí ṣòkòtò náà, ó ń fi ìka tọ ojú òwú. Òun ló kọ́ ọmọbìnrin rẹ̀ níṣẹ́ ìránṣọ.

“Ọwọ́ ẹ nìyí,” ló wí.

Dókítà ní ká ní àwọn tètè mọ̀ lọ́dún tó kọjá ni. Ọjọ́ mọ́kànlá ni ọmọ náà tún lò láyé.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Màmá gbé ṣòkòtò náà wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó ní, “Tú u.” Télọ̀ fi bíléèdì tú u ní ìlà kọ̀ọ̀kan, títí ó fi padà di mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Màmá fúnra rẹ̀ ló fi kọ́ ògiri. Bí atẹ́gùn bá wọlé, ìbàdí rẹ̀ á wú, bí ẹni pé ẹnì kan tó ti sanra padà ló wọ̀ ọ́.