Irun Tó Ti Aṣálẹ̀ Dé

Jọ́gíráfì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ọgbà. Tí a bá ti kan aṣálẹ̀, ara wọn á yá gágá, torí wọ́n mọ̀ pé gúúsù Àlgéríà ni Ilésanmí ọkọ mi wà, níbi tó ti ń ṣe iṣẹ́ wẹ́dà lórí páìpù epo. Mo máa ń sọ fún wọn pé òjò lè má kán síbẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Epo tó ń bọ́ orílẹ̀-èdè náà, abẹ́ iyanrìn yẹn ló wà, páìpù ló sì ń gbé e la aṣálẹ̀ kọjá lọ sí etí òkun, kí ọkọ̀ ojú omi tó gbé e lọ fún àwọn tó rà á. Tòmátì tí àwọn òṣìṣẹ́ ń jẹ, tírélà ló ń kó o wá láti àríwá. Omi tí wọ́n ń mu, inú ilẹ̀ jíjìn ni wọ́n ti ń fà á. Kò sí ohun kan lójú ilẹ̀ níbẹ̀, abẹ́ ilẹ̀ ni gbogbo ọrọ̀ wà. Praise, ọmọbìnrin kan tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, béèrè lọ́jọ́ kan pé, "Mà, tí wọ́n bá ti ṣíwọ́, kí ni wọ́n wá ń ṣe níbẹ̀?" Mo ní kó dákẹ́, kó kọ ohun tó wà lójú pátákó.

Èmi náà ò mọ̀. Ọdún kẹrin rèé tó ti lọ. Ilésanmí ní ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà tirẹ̀ ní Oregun tẹ́lẹ̀, kí owó dísù tó ń rọ sí jẹnẹrétọ̀ tó lé e kúrò níbẹ̀. Nígbà tó ń lọ, ó ní lẹ́yìn oṣù mẹ́ta mẹ́ta lòun á máa wálé. Oṣù mẹ́ta di mẹ́fà, mẹ́fà di "ó di ọdún tó ń bọ̀." Tófúnmi, ọmọ kan ṣoṣo tí a bí, ń gbé nílé ìwé rẹ̀. Ilé wá ku èmi àti fáànù. Àwọn ará àdúgbò á kí mi pé, "Ìyàwó olówó epo!" Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì bá tiwọn lọ. Olówó epo wo? Inú á bí mi, màá sì dá wọn lóhùn pẹ̀lú ẹ̀rín, torí ìwà ọmọlúàbí ni wọ́n fi tọ́ mi ní Èkìtì.

Lọ́sẹ̀ tí mò ń wí yìí, fóònù rẹ̀ kò lọ fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Kò já mi láyà. Tí ìjì iyanrìn bá ti jà níbẹ̀, nẹ́tíwọ̀kì wọn á sọnù. Ní ọjọ́ Ẹtì, bí mo ṣe ti ilé ìwé dé, Ìyá Bísí tí yàrá wa jọ kọjú síra sọ pé ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Suara, tó ń bá ọkọ mi ṣiṣẹ́, gbé báàgì kan wá láti pápákọ̀ òfurufú.

"Kò dúró?" mo béèrè.

"Ó ní mọ́tò ń dúró de òun. Ó kàn gbé e kalẹ̀ ni. Kò tiẹ̀ wo ojú mi dáadáa."

Mo tú báàgì náà. Aṣọ rẹ̀ ló kún inú rẹ̀: àwọn tó fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, bàtà rẹ̀ tó dáa, Bíbélì rẹ̀, àti fọ́tò Tófúnmi. Ọ̀rá dúdú kan tí wọ́n dì pinpin wà nísàlẹ̀. Mo já a. Irun orí ni, pẹ̀lú èékánná.

Ta ni kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ nínú àwa ọmọ Yorùbá? Bí èèyàn bá kú sí ọ̀nà jíjìn tí kò sí bí wọ́n ṣe lè gbé òkú rẹ̀ wálé, irun rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ ni wọ́n á gé wá, òun la ó sin. Irun náà pọ̀ ju ti orí ẹnì kan lọ, ṣùgbọ́n ta ló ń wọn irun nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀? Ewú wà nínú rẹ̀. Ọkọ mi kò hewú nígbà tó ń lọ. Ewú yẹn ló kọ́kọ́ pa mí lẹ́kún. Mo tún pe fóònù rẹ̀, kò lọ, kò sì sí ẹni tó ní nọ́ńbà Suara.

Ìyá ọkọ mi dé láti Onígbòǹgbò pẹ̀lú àwọn ará ìjọ Aládùúrà wọn, wọ́n wọ aṣọ funfun láìwọ bàtà. Màmá kó irun náà sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n gbóòórùn rẹ̀. "Orí ọmọ mi rèé," wọ́n ní. "Èmi ni mo bí i." Wọ́n bú sẹ́kún, gbogbo ilé sì gbà á.

Ilé mi kún. Màmá ní ká má tíì jẹ́ kí Tófúnmi gbọ́ nílé ìwé rẹ̀. Ìyá Bísí ń fọwọ́ bu ẹ̀kọ sí mi lẹ́nu. Ọkùnrin òkè ilé wa, tí a kì í kíra, ru àga wá kí àwọn àlejò lè jókòó. Ọ̀gá ilé ìwé wa wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, àwọn ọmọ kíláàsì mi sì tẹ̀ lé wọn. Praise náà ń sunkún. Ní alaalẹ́, Ìyá Bísí sùn ní apá ọ̀tún mi, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì sùn ní apá òsì. Ìbànújẹ́ dé bá mi lóòótọ́, mi ò ní í parọ́, ṣùgbọ́n mo sùn. Ó ti pẹ́ tí mo ti sùn bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n ń jíròrò ibi tí a ó sin irun náà sí ní ìlú wọn ní Èkìtì nígbà tí fóònù mi dún lórí tábìlì. Ìyá Bísí mú un, ó rí orúkọ tó wà lójú rẹ̀, ó sì jù ú nù. Ó ṣubú sórí ẹní, ó ń dún lọ. Èmi ni mo gbé e.

"Ìyá Tófúnmi, ìjì ò jẹ́ ká rí nẹ́tíwọ̀kì. Ṣé Suara ti gbé báàgì dé?"

Ohùn rẹ̀ ni. Mo jókòó sílẹ̀.

"Irun ta ló wà nínú ọ̀rá?"

"Irun mi ni, àti èékánná mi. Lárúbáwá kan ló ń gẹrí fún wa níbí. Màmá ló ní n ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí irun àti èékánná mi bọ́ sọ́wọ́ àjèjì, pé ayé le. Mo ti ń kó o jọ látìgbà tí mo ti dé. Ẹ bá mi sun ún."

Mo yíjú sí Màmá, mo sọ ohun tó wí. Wọ́n fọwọ́ bo ẹnu. "Yéè! Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ o! Èmi ni!" Ẹ̀rín bú, orin sọ, àwọn aláṣọ funfun sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó nínú pálọ̀ mi.

Mo gbé fóònù wọ ilé ìdáná. Láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra, mi ò pe ọkọ mi ní "ìwọ" rí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn mo pè é ní ìwọ, mo pè é ní arìndìn. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wú ikọ́. Mo wá bi í pé, "Kí ló dé tó o kó gbogbo aṣọ rẹ wálé?"

Ó ṣíwọ́ ẹ̀rín.

"Wọ́n ń gbé wa lọ sí ibi kànga epo tuntun, ó tún jìn sí gúúsù ju ibi yìí lọ. Ẹrù díẹ̀ ni wọ́n ní ká gbé. Ọdún méjì sí i ni. Nẹ́tíwọ̀kì ò fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀."

"Máa bọ̀ nílé."

"Mọ́yọ̀, kí ni mo fẹ́ wá ṣe ní Oregun?"

Ibẹ̀ ni ìlà já. Mo pè é, kò wọlé mọ́.

Nígbà tí mo padà sí pálọ̀, Màmá béèrè ohun tó sọ. Mo ní ó kí gbogbo wọn, ó ní wọ́n ṣeun. Inú wọn dùn sí i. Màmá ní àwọn ń lọ ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, pé kí n sinmi. Ọkùnrin òkè ilé kó àga rẹ̀. Wọ́n ń lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń di mọ́ mi, wọ́n ń bá mi yọ̀. Ìyá Bísí ló kẹ́yìn, ó ti ká ẹní rẹ̀ sábẹ́ abíyá.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà," mo ní, "ẹ tún sùn tì mí lónìí."

Ó rò pé mò ń ṣàwàdà. Ó gbá mi léjìká pẹ̀lú ẹ̀rín.

"Kí n wá ṣe kí ni? Àbí opó ni ẹ́ ni?"

Ó kọjá sí yàrá tirẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn.