Àga Olórí Ẹbí àti Oògùn Méjì

Lójú àlá tí mo lá lóru àná, mo ti ru àga olórí ẹbí mi dé ìdajì òkè. Nílé wa, bí olórí ẹbí bá dìde lórí àga kó tó parí ẹjọ́, ẹni tó bá kọ́kọ́ jókòó sí i ló ni ín. Láníhùn àbúrò mi sì ń tẹ̀ lé mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n bá yín gbé e."

"Dúró síbẹ̀."

Ọ́fíìsì dókítà ń fò lókè bí àwòdì. Mo wọlé. Dókítà wọn ẹ̀jẹ̀ àga, ó ní ó dára. Ó wọn tèmi, ó mirí.

"Ẹ̀jẹ̀ yín ga, Bàbá."

"Ọ́fíìsì yín náà ga."

Ó kó oògùn méjì sórí tábìlì, ó ní kí wọ́n rojọ́.

Èyí funfun ní, "Èmi ń lé omi àti iyọ̀ jáde lára. Bí omi bá dín nínú iṣan, ẹ̀jẹ̀ á rọlẹ̀."

Èyí pupa rẹ́rìn-ín. "Á sì máa sáré lọ tọ̀ láàárín ẹjọ́. Ọkàn lèmi ń bẹ̀ pé kó rọra máa lù."

"Títí tí bàbá á fi máa tòògbé lórí àga. Ọwọ́ rẹ̀ á tutù bí àkèré."

Mo bi dókítà pé èwo ni kí n lò.

"Ṣé ẹ ní ikọ́ fée? Pupa kò dára fún ẹni tó bá ní in."

"Rárá. Àga mi ló ń mí fín-ín-fín-ín."

Ó fẹ́ fèsì, ó di ewúrẹ́. Ó jẹ èyí pupa, ó dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́. Mo gbé funfun mì.

Ọ́fíìsì balẹ̀ sí àgbàlá wa. Ìyàwó ilé méjì ń jà sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Láníhùn gbé omi wá.

"Ẹ mu ún, ẹ̀gbọ́n. Ẹjọ́ òní gùn."

Mo mu ún. Ìtọ̀ dé.

Àga ní, "Bàbá, ẹ má ṣe é sí mi lára."

"Fara dà á."

Mo kọjú sí àwọn ìyàwó. "Ẹ dá ògiri kejì lu, kó di ọ̀nà méjì. Ẹjọ́ parí."

Mo dìde, mo jí, mo sáré lọ tọ̀.

Nígbà tí mo padà sí pálọ̀, ilẹ̀ ti mọ́. Ewúrẹ́ Láníhùn ti sùn sórí àga mi, ó ń rọra mí. Àwo tí mo kó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi méjèèjì sí lálẹ́ àná wà lẹ́nu rẹ̀. Aago mẹ́wàá ni ìpàdé ẹbí.

Funfun nìkan ló ṣẹ́ kù nínú àwo.