Òkú Obìnrin Tó Jókòó

Kí Àbẹ̀ní tó gbọ́ pé sinimá wọ Ìwó, sinimá ọ̀hún ti di èèwọ̀ fún un. Sàlàkọ́ aránṣọ, ọkọ rẹ̀, ló dìde níbi ìpàdé àwọn ọkùnrin àdúgbò, tó ní ohun tí wọ́n máa fi hàn lórí aṣọ funfun ní pápá kì í ṣe ohun tí ọkàn obìnrin lè gbà. Òkú ń jí dìde nínú rẹ̀, ó ní aboyún lè rí i kí oyún bà jẹ́. Àwọn ọkùnrin kan sáárá sí i. Àwọn ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi tó wà níbẹ̀, tí ẹnu wọn kì í sábà kò pẹ̀lú ti àwọn Mùsùlùmí, tètè gbà pé òótọ́ ni. Bí àwọn akọni ṣe fi obìnrin sílé nìyẹn, tí wọ́n lọ fojú ara wọn rí i.

Lọ́jọ́ kejì, Àbẹ̀ní àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì jókòó ti òkìtì pákí lẹ́yìnkùlé Ràhámọ̀tù, wọ́n ń bó o. Ràhámọ̀tù ni ìyàwó Fàtáì olóbì. Èkejì ni Mọ́láyọ̀, ìyàwó Àyàndélé, tíṣà ilé ìwé míṣọ̀n. Oorun wà lójú gbogbo wọn.

"Ẹ má bi mí bí mo ṣe sùn," Ràhámọ̀tù wí. "Bàbá Mùrí jí mi pé kí n gbé fìtílà ká jọ lọ sí ṣáláńgá. A dé, ó tún jí mi. Ó ní òun ò fẹ́ kí èmi nìkan dá wà nínú yàrá."

"Tíṣà ò tiẹ̀ jáde ní tiẹ̀," Mọ́láyọ̀ dáhùn. "Àdúrà ló ń gbà. Bí mo bá ti fẹ́ sùn, á ní n ò ṣe àmín."

Àbẹ̀ní rẹ́rìn-ín. Sàlàkọ́, tó máa ń sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn láti ọjọ́ tó ti gbé e níyàwó nítorí pé ibẹ̀ ni ipò ọkùnrin, ti sún mọ́ ògiri lóru àná. Ó ní ooru ń mú òun, ògiri ló tutù.

"Ẹ gbọ́ ná," ni Mọ́láyọ̀ wí, "kí ni òkú yìí ṣe gan-an?"

Kò sẹ́ni tó mọ ọ́n tán nínú wọn, àmọ́ ọkọ kálukú ti já díẹ̀ sílẹ̀. Fàtáì ti sọ pé ìyàwó òyìnbó kan ló kú tí wọ́n sin ín. Tíṣà ti sọ pé ẹnu ọ̀nà iwájú ló gbà padà wọlé, kò sì kan ilẹ̀kùn. Sàlàkọ́ ti sọ pé orí àga ọkọ rẹ̀ ló lọ tààrà.

"Ó wá ṣe kí ni lórí àga?"

"Ó jókòó."

"Ṣé ó pa ọkọ ni?"

"Ó jókòó ni," Àbẹ̀ní wí. "Kò sọ̀rọ̀. Ìgbà tí ọkọ rẹ̀ rí i pé kò ní dìde, ó lọ po tíì fún un."

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ Ràhámọ̀tù. "Háà. Ibẹ̀ ni Bàbá Mùrí ní jìnnìjìnnì ti bo òun. Ó ní bí ọkùnrin yẹn ṣe wọ ilé ìdáná báyìí, òun ò lè wò ó mọ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rín tán, ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn Àbẹ̀ní. Kò rí àwòrán tó ń rìn rí láyé rẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n máa fi hàn kẹ́yìn, ọkọ̀ sinimá á sì kọjá sí Olúpọ̀nnà.

"Mo fẹ́ rí obìnrin yẹn," ló wí. "Ó ń wù mí gan-an ni."

"Ta ló máa jẹ́ kó o lọ?"

"Àwọn náà ni. Wọ́n ti fọ́nnu káàkiri ọjà pé àwọn ń padà lọ lálẹ́ yìí. Ká wo ẹni tó máa sìn wọ́n wálé."

Lẹ́yìn ìrun Màgàríbì, Sàlàkọ́ wọ agbádá, ó ní kí Àbẹ̀ní gbé fìtílà kó sin òun dé pápá, kó dúró sẹ́yìn odi títí òun á fi jáde. Àbẹ̀ní kúnlẹ̀ dáadáa.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Wàídì. Ọkàn obìnrin ò gbà á. Ẹ̀yin náà lẹ wí bẹ́ẹ̀ fún gbogbo àdúgbò."

Sàlàkọ́ wo òkùnkùn ìta, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó sì jókòó. Irú ọ̀rọ̀ kan náà ń lọ nílé Fàtáì àti nílé tíṣà. Kò pẹ́ tí àwọn ọkùnrin fi tún pàdé níwájú mọ́ṣáláṣí. Ìpàdé ọ̀hún kò gùn. Sàlàkọ́ ló tún sọ̀rọ̀: ó ní kò bójú mu kí ọkùnrin máa ru àga ara rẹ̀ lọ síbi ìran, nítorí náà kí àwọn obìnrin bá wọn rù ú, kí wọ́n sì gbé fìtílà dání. Wọ́n ní kí àwọn obìnrin jókòó sórí ẹní níwájú, kí àwọn ọkọ lè máa ṣọ́ wọn láti ẹ̀yìn. Bí ọkùnrin bá rí ejò tí obìnrin bá pa á, kí ejò ṣáà ti kú ni.

Nígbà tí òkú náà wọlé lórí aṣọ funfun, àwọn ọkọ tó wà lẹ́yìn kérora. Àbẹ̀ní ti pa ẹ̀rín mọ́ de ibẹ̀ láti ọ̀sán. Àmọ́ ẹ̀rín náà kò wá. Obìnrin náà ju ara rẹ̀ sórí àga bí ẹni tó ru igi ìdáná láti oko Kuta dé. Ó na ẹsẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ já wálẹ̀, ó di ojú. Mọ́láyọ̀ ń fa ikun imú. Àánú obìnrin náà ṣe Àbẹ̀ní gan-an.

Sàlàkọ́ tẹ̀ síwájú, ó di ìborùn Àbẹ̀ní mú. "Má bẹ̀rù, mo wà lẹ́yìn rẹ."

"Ẹ̀rù ò bà mí."

"O ò rí i ni? Obìnrin jókòó, ọkọ ń dáná!"

"Mo rí i, Bàbá Wàídì. Ó kú kó tó ráyè jókòó."

Nígbà tí sinimá parí, Àbẹ̀ní gbé àga ọkọ rẹ̀ rù, ó mú fìtílà, ó sì ṣíwájú. Sàlàkọ́ ń tẹ̀lé e lọ́wọ́ òfìfo, ó ń sọ fún un kó rọra, kí àga má baà fọ́.