Kíndìnrín Akọ̀wé

Olóríkunkun lọkọ mi. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo ń bò ó. Kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ti daṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ la ń wọ bọ́ọ̀sì láti Nichelino lọ sí ilé ìwòsàn ní Turin, kí ẹ̀rọ lè bá a fọ ẹ̀jẹ̀. Mo bẹ àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo títí ó fi jẹ́ kí àwọn dókítà yẹ òun náà wò, wọ́n sì ní tirẹ̀ bá a mu rẹ́gí. Àbúrò ní òun á yọ ọ̀kan fún un. Mo bú sẹ́kún ayọ̀. Àfi ìgbà tí Ọlánípẹ̀kun, ọkọ mi, ní òun ò gbà.

"Kíndìnrín abọ̀rìṣà ò ní wọ ara mi," ó wí. "Ohun tó bá wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á bá a wọlé."

Akínbọ̀dé lorúkọ abọ̀rìṣà ọ̀hún. Èmi ò jẹ́ pè é lórúkọ. Ó ti wà nínú ilé kí n tó fẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, nítorí náà ọkọ mi lòun náà, Akọ̀wé ni mo sì ń pè é. Ó kàwé débi pé ó ń kọ́ àwọn ọmọ òyìnbó níṣẹ́ ẹ̀rọ ní yunifásítì. Ọlánípẹ̀kun ló mú un wá síbí, òun ló ru ẹrù ní magazzino, ilé ìkẹ́rùsí wọn, kí àbúrò má baà fi ìwé sílẹ̀.

Ẹ̀kọ́ àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù tí Akọ̀wé ń lọ kọ́ lọ́dọ̀ Savita, obìnrin ará Íńdíà kan, ló dá ìjà sílẹ̀. Ọkọ mi gbọ́, ó gbé e lọ bá pásítọ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi, lójú gbogbo ìjọ, wọ́n pe Akọ̀wé síwájú, wọ́n da òróró lé e lórí, wọ́n ń pariwo pé kí ẹ̀mí òkùnkùn jáde lára rẹ̀. Ó nu òróró kúrò lójú, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Láti ìgbà náà kò dọ̀bálẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́.

Inú bí mi sí àwọn méjèèjì. Ní Sátidé kan mo gba ibi ẹ̀kọ́ náà lọ. Mo ti di àmùrè ìjà, mo rò pé ère ni màá bá níbẹ̀. Àga ni mo bá, àti tíì gbígbóná, àti Savita, obìnrin kúkúrú kan tó wọ súwẹ́tà. Ó ń sọ pé ayọ̀ kì í ṣe ohun tí à ń wá kiri ìgboro. Ó ní ẹ̀mí kan ṣoṣo ló ń gbé inú gbogbo ẹ̀dá, pé ìgbà tí a bá ti pín ayé sí èmi àti ìwọ ni ìbẹ̀rù ń wọlé, àti pé ẹni tó bá rí ara rẹ̀ lára ọmọnìkejì kò rí ẹni bá jà mọ́. Mi ò ní purọ́, ọ̀rọ̀ náà dùn létí mi.

Nígbà tí wọ́n parí, Akọ̀wé pa àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì pọ̀, ó tẹrí ba fún Savita, ó tẹrí ba fún Matteo, akẹ́kọ̀ọ́ bíi tirẹ̀ tó jókòó tì í, ó tún tẹrí ba fún ajá Matteo. Ibẹ̀ ni mo ti gbaná jẹ.

"Akọ̀wé, ẹ ń tẹrí ba fún ajá! Ẹ̀gbọ́n yín ńkọ́?"

Ó fọwọ́ pa ajá náà lórí. "Ìyàwó wa, mo ń gbìyànjú. Mo lè rí Ọlọ́run lára ajá yìí. Àmọ́ bí mo bá ti rántí òróró yẹn, mi ò rí nǹkan kan lára Bùrọ̀dá."

"A jẹ́ pé ẹ ò tíì kọ́ nǹkan kan níbí," mo wí, mo sì bá tèmi lọ.

Lọ́jọ́ Ajé ó wá bá wa ní yàrá dialisi, níbi tí ẹ̀rọ ti ń bá ọkọ mi fọ ẹ̀jẹ̀. Ó dúró gbagidi lẹ́nu ọ̀nà, kò dọ̀bálẹ̀, kò bẹ̀rẹ̀.

"Ṣé o ti fi àwọn ará Íńdíà yẹn sílẹ̀?" ọkọ mi bi í.

"Rárá, sà."

"Máa lọ nígbà náà."

Bàbá Tíolúwaní ni mo máa ń pe ọkọ mi, àmọ́ orúkọ rẹ̀ gan-an ló já bọ́ lẹ́nu mi lọ́jọ́ náà. "Ọlánípẹ̀kun! Lọ́jọ́ tí ẹ ṣubú ní magazzino, tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí yín lára, ṣé ẹ béèrè ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹni tó ni ín ń lọ? Ti àjèjì wọlé, ẹ̀mí kankan ò bá a wọlé. Ti ọmọ ìyá yín ló wá di ti èṣù?"

Ọkọ mi tẹjú mọ́ ẹ̀rọ.

"Ọ̀kan ló máa kù sí i lára," ó wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Bí ìyẹn náà bá bàjẹ́ ńkọ́? Bó bá kú sọ́wọ́ wọn, ojú wo ni mo fẹ́ fi wo ìyá wa? Èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀."

Gbogbo ìgbà tí mo ń bá èṣù jà nínú ilé wa, ìbẹ̀rù ló fi pamọ́ sẹ́yìn èṣù.

Akọ̀wé nà gbalaja, àyà rẹ̀ kanlẹ̀, lórí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. "Ẹ gbà á, Bùrọ̀dá. Mi ò ní dìde àfi tí ẹ bá gbà á."

Sofia, nọ́ọ̀sì, gbọ́ gbì, ó sáré wọlé. "Chi è caduto?" Ó ń béèrè ẹni tó ṣubú.

Akọ̀wé ò mira. Ọkọ mi na ọwọ́ tí okùn ẹ̀rọ ò sí lára rẹ̀, ó gbé e lé àbúrò rẹ̀ lórí, níbi tí òróró ọjọ́sí ti ṣàn kọjá. "Mo gbà," ó wí fún un. "Dìde, ilẹ̀ yẹn tutù."

Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè sí Sofia, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Io," ó wí. "Èmi ni mo ṣubú."